Àkójọ Orúkọ Nínú Ẹ̀rọ Awòràwọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lójú púpọ̀ nínú yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan, irú èyí tí awòràwọ̀ òde òní fi ń to orúkọ gbogbo àwọn tí ó ti ṣírò ìràwọ̀ wọn sí ojú kan. Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú èyí. Ohun tí ó kàn mí ni pé orúkọ ènìyàn, ọjọ́ ìbí ènìyàn àti ìlú tí a bí ènìyàn sí ni ètò náà ń tò, orúkọ kò sì jẹ́ nǹkan kékeré lọ́dọ̀ wa.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìmọ̀ ìràwọ̀ jẹ́ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ ń wọn ìrìn oòrùn, òṣùpá àti àwọn ìràwọ̀, wọ́n sì lè sọ ọjọ́ tí òṣùpá yóò bo oòrùn lójú kí ọjọ́ náà tó dé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ìwòràwọ̀ yàtọ̀. Awòràwọ̀ ń sọ pé ipò tí àwọn nǹkan ojú ọ̀run wà ní ìṣẹ́jú tí ọmọ dé ilé ayé ni ó ń fi ìwà ọmọ náà hàn àti ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí. N kò fara mọ́ èyí. Ní 1985, Shawn Carlson, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Nature. Ó fún àwọn awòràwọ̀ ní àkọsílẹ̀ ìbí ènìyàn, ó gbé àpèjúwe ìwà mẹ́ta síwájú wọn, ó sì ní kí wọ́n mú èyí tí ó bá ẹni náà mu. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbà á. Ẹni tí ó di ojú méjèèjì, tí ó kàn na ọwọ́ mú ọ̀kan, kò ní ṣe kù sí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń pe Ifá ní ìwòràwọ̀ Yorùbá. Àṣìpè ni. Babaláwo kì í bèèrè wákàtí tí a bí ọ. Ikin 16 tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni ó ń lò, Odù tí ó bá sì yọ nínú 256 ni ó ń kì. Àwọn tí iṣẹ́ wọn súnmọ́ ti awòràwọ̀ díẹ̀ láàárín wa ni àwọn ààfáà tí ń wo ìràwọ̀ ẹni. Wọn a bèèrè orúkọ rẹ àti orúkọ ìyá rẹ, wọn a sọ lẹ́tà Lárúbáwá inú orúkọ náà di iye, álífù ní 1, báù ní 2, yáù ní 10, wọn a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn a sì tipa bẹ́ẹ̀ dé ibi ìràwọ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò yìí kò nílò aago rárá, orúkọ ni ó dúró lé. Ní ti Àgùàlà tí àwọn àgbà ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù, tí òwe sì kọ̀ fún wa láti pè ní ajá oṣù, ojú lásán ni a fi ń wò ó.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn. Yálà a gba ìwòràwọ̀ gbọ́ tàbí a kò gbà á gbọ́, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe é wà lóde, wọ́n sì ti pẹ́. Láti 1991 ni Walter Pullen ará Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀kan tí ó pè ní Astrolog jáde. Ní 1997, Dieter Koch àti Alois Treindl ti ilé-iṣẹ́ Astrodienst ní ilẹ̀ Switzerland gbé Swiss Ephemeris jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ètò mìíràn gbójú lé láti mọ ibi tí ìràwọ̀ wà. Bí awòràwọ̀ bá ti tẹ orúkọ, ọjọ́, wákàtí àti ìlú sínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ètò náà yóò ya àwòrán ojú ọ̀run fún un, yóò sì fi ohun tí ó tẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì kan lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an. Ọdún kan, ọdún méjì, fáìlì a di ọgọ́rùn-ún, a di ẹgbẹ̀rún. Ibẹ̀ ni ètò atòrúkọ ti wúlò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: yóò lọ sí ibi tí àwọn fáìlì náà wà, yóò ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò mú orúkọ, ọjọ́, wákàtí àti ìlú jáde, yóò sì tò wọ́n ní ìlà ìlà sí ojú ẹ̀rọ. Kò ṣírò ohunkóhun. Bí akọ̀wé tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkówèésí ni ó rí.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì rẹ lè da ilé rú mọ́ ọ lórí. Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Lẹ́yìn E ni Ẹ, lẹ́yìn G ni GB, lẹ́yìn O ni Ọ, lẹ́yìn S ni Ṣ. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ èyí. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n àyàfi bí a bá kọ́ ọ. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ mọ̀. Gbogbo lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní Unicode, lẹ́tà inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kọ́kọ́ gba nọ́ńbà kékeré. Nítorí náà, bí ẹni tí ó kọ ètò atòrúkọ bá sọ fún un pé kí ó to orúkọ bí nọ́ńbà bá ti tò, yóò to Fọlákẹ́, yóò to Gbénga, yóò to Yétúndé, yóò wá to Ṣọlá, Ẹniọlá àti Ọlá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, bí àjèjì tí ó dé nígbà tí àsè ti parí. Gbénga yóò sì ṣáájú Gíwá, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé GB jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀ràn náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tẹ lẹ́tà Ẹ. A lè tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àmì kan tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, a sì lè tẹ E lásán kí a tó fi àmì abẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí àmì kejì. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n yàtọ̀ bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Bí a bá tẹ Ẹniọlá kan ní ọ̀nà àkọ́kọ́, tí a sì tẹ Ẹniọlá kejì ní ọ̀nà kejì, ọ̀kan yóò wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn Yétúndé, èkejì yóò wà lókè kí a tó dé Fọlákẹ́. Bí awòràwọ̀ bá wá Ẹniọlá, ọ̀kan ni ẹ̀rọ yóò rí; yóò ní òun kò mọ èkejì rí. Nígbà tí ó bá sì di lẹ́tà tí ó ní àmì abẹ́ àti àmì ohùn lẹ́ẹ̀kan náà, irú ẹ́ tí ó parí orúkọ Fọlákẹ́, kò tilẹ̀ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un nínú Unicode. A gbọ́dọ̀ so àmì pọ̀ ni. Oògùn rẹ̀ wà. Ìlànà wà fún sísọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, àwọn tí ń ṣe àkójọ ètò àwọn èdè fún ẹ̀rọ sì ti kọ ìtòtẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá sílẹ̀. Ẹni tí ń kọ ètò ni kì í sábà rántí pé ó yẹ kí ó pè é.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe rò pé awòràwọ̀ nìkan ni èyí ń bá jà. Ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ń jẹ irú ìyà kan náà. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wa fi ń gé àmì kúrò lórí orúkọ ara wa, tí a ń kọ Ola, tí ẹni tí ń kà á kò fi mọ̀ bóyá ọlá ni tàbí ọ̀la. Ẹ̀rọ kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwa ni a ti jọ̀wọ́ ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo wákàtí. Nínú ìṣirò awòràwọ̀, ibi tí ojú ọ̀run ń yọ ní ìlà-oòrùn ní ìṣẹ́jú ìbí ṣe pàtàkì gidigidi, ó sì ń yí ní nǹkan bí dígírì kan láàárín ìṣẹ́jú 4, èyí tí í ṣe dígírì 15 ní wákàtí kan. Nítorí náà ó di dandan fún ètò náà láti mọ ohun tí aago ìlú náà ń sọ ní ọdún náà. Aago Èkó kò fi ìgbà kan dúró sí ojú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Títí di 1905, aago Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣíwájú ti Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje 1905, a mú un bá ti Greenwich dọ́gba. Ní 1908 a dá a padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Ní 1914 a sọ ọ́ di ààbọ̀ wákàtí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1919 ni ó tó di wákàtí kan gbáko, bí a ti ń lò ó di òní. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1909. Bí awòràwọ̀ kan bá fẹ́ ṣírò ìràwọ̀ rẹ̀, tí ètò rẹ̀ sì lo wákàtí kan ti òde òní, yóò fi ìṣẹ́jú tí ó lé ní 46 ṣìnà, èyí tí ó lé ní dígírì 11.

Ti ẹ̀yìn ààlà tún le jù. Ìmẹ̀kọ wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Kétu sì wà lábẹ́ àwọn Faransé. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń bá ara wọn ná ọjà. Ní 1930, aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Dahomey, nítorí pé títí di ọjọ́ 26 oṣù kejì 1934 ni àwọn Faransé fi lo aago Greenwich níbẹ̀. Ọmọ méjì tí a bí ní ìṣẹ́jú kan náà, ọ̀kan ní Ìmẹ̀kọ, ọ̀kan ní Kétu, yóò ní wákàtí ìbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé. Nínú àkójọ aago àgbáyé tí ẹ̀rọ ń lò lóde òní, tí a ń pè ní tz, a ti so aago Àjàṣẹ́ mọ́ ti Èkó, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1970 ni àkójọ náà kà sí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìtàn aago Àjàṣẹ́ ti ìgbà Faransé ni a gbé lọ sínú fáìlì mìíràn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í kà. Báyìí ni ọmọ Kétu ti 1930 ṣe di ọmọ Ìmẹ̀kọ lójú ètò awòràwọ̀.

Àkójọ tz yìí ní ìtàn tí ó yẹ kí ẹ gbọ́. Arthur David Olson ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Paul Eggert sì bá a tọ́jú rẹ̀. Òun ni fóònù yín fi ń mọ aago nígbà tí ẹ bá rin ìrìn-àjò. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2011, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń ta ètò kọ̀ǹpútà ìwòràwọ̀, Astrolabe, pe àwọn méjèèjì ní ẹjọ́. Ó ní inú ìwé atọ́ka aago àwọn awòràwọ̀ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun ni wọ́n ti mú ìtàn aago ayé àtijọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojúkò tí àwọn ènìyàn ti ń gba àkójọ náà di títì pa. Kí oṣù náà tó dé ìdajì, àjọ ICANN gba ìtọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kejì 2012, Astrolabe fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì tọrọ àforíjì. Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn awòràwọ̀ ni ó ti ṣe wàhálà jù láti mọ ohun tí aago ìlú kọ̀ọ̀kan ń sọ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, gbogbo ayé sì jẹ nínú wàhálà wọn. Lójú tèmi, ìtàn pé aago Èkó jẹ́ báyìí ní 1908 kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi ṣe ohun-ìní. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni, kì í ṣe àròkọ.

Ẹ ó tún rántí pé ìyá tí ó bímọ ní abúlé ní 1930 kò wo aago. Ìgbà tí àkùkọ kọ́kọ́ kọ ni yóò sọ fún ọ, tàbí ìyálẹ̀ta, tàbí ìgbà tí ẹran ń wọlé. Ètò awòràwọ̀ kò gba ìyálẹ̀ta. Nọ́ńbà ni ó ń bèèrè. Bí a kò bá mọ wákàtí, àṣà àwọn awòràwọ̀ ni láti kọ agogo 12 ọ̀sán, ewu sì wà níbẹ̀, nítorí pé bí ètò atòrúkọ bá tò ó jáde, ẹni tí ó bá rí 12 yóò rò pé ọ̀sán gangan ni a bí onítọ̀hún ní tòótọ́. Lois Rodden, awòràwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 2003, ni ó wá ojútùú sí èyí. Ó ṣe àmì tí a ń fi síwájú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: AA bí ó bá wá láti inú ìwé-ẹ̀rí ìbí, A bí ó bá jẹ́ ẹnu onítọ̀hún tàbí ti ẹbí rẹ̀, B bí ó bá jẹ́ inú ìwé ìtàn ìgbésí-ayé, DD bí àkọsílẹ̀ bá ta ko ara wọn, X bí a kò bá mọ wákàtí. N kò gba ìwòràwọ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n mo gba ti obìnrin yìí. Ìbá ṣe pé àwa tí ń gba oríkì àti ìtàn ìlú sílẹ̀ ń kọ ibi tí a ti gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan báyìí, awuyewuye wa ìbá dín kù. Ètò atòrúkọ tí kò bá fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Àwọn kan rò pé àkójọ irú èyí kò ní láárí. Kí wọ́n wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Simon Forman, tí ó kú ní 1611, àti Richard Napier, tí ó kú ní 1634, jẹ́ awòràwọ̀ tí ń tọ́jú aláìsàn. Gbogbo ẹni tí ó bá wá, wọn a kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, wákàtí tí ó bèèrè ọ̀rọ̀, àti ohun tí ń dùn ún. Láàárín 1596 sí 1634, àkọsílẹ̀ wọn tó nǹkan bí 80,000, ó sì wà ní ilé ìkówèésí Bodleian ní Oxford di òní olónìí. Ní ọ̀rúndún tiwa yìí, Lauren Kassell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge lo ọ̀pọ̀ ọdún láti to gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè wá orúkọ, àìsàn àti ọjọ́. Ìránṣẹ́bìnrin tí oyún rẹ̀ kò dúró, àgbẹ̀ tí kò rí oorun sùn, àwọn tí ìwé ìtàn àwọn ọba kò ní dárúkọ láéláé, ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ohùn wọn. Ìṣirò ìràwọ̀ Napier kò wo ẹnikẹ́ni sàn lójú tèmi. Àkójọ rẹ̀ ni ó wúlò.

Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn Napier ti kú ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ẹ̀rọ awòràwọ̀ òde òní wà láàyè, wọ́n sì ń lọ sí báǹkì. Ọjọ́ ìbí tí a fún awòràwọ̀ ni ọjọ́ ìbí kan náà tí báǹkì máa ń bèèrè láti mọ̀ bóyá ìwọ ni ò ń sọ̀rọ̀. Òun náà ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí a so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún wa. Òtítọ́ ni pé fáìlì tí ó wà lórí ẹ̀rọ ẹni sàn ju èyí tí a kó lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àjèjì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ohun tí ó wà nínú ilé ẹni kò fi dandan wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ irú fáìlì wọ̀nyí jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà. Ọmọ tí ó bá yá ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ó sì tẹ àṣẹ kan ṣoṣo, ètò atòrúkọ yóò to gbogbo wọn fún un láìbèèrè ẹni tí í ṣe. Bí wọ́n bá jí ẹ̀rọ náà gbé, olè ti gba orúkọ ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ààfáà tí ń kọ orúkọ rẹ sínú ìwé kékeré inú àpò agbádá rẹ̀ kò lè fi odidi àdúgbò lé olè lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ní oṣù kẹfà 2023 ni a fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ní Nàìjíríà. Ìpìlẹ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn sọ fún ọ nítorí iṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà nìkan ni kí o fi ṣe, kí o má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí o nílò rẹ̀. Ètò atòrúkọ lè ran olóòótọ́ lọ́wọ́ níbí, nítorí pé ẹni tí kò rí ohun tí ó wà nílé kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó kó dànù. Mo fẹ́ kí ètò náà fi ọjọ́ tí a kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú, kí ó lè hàn pé ẹni tí ó wá lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ó fi ọjọ́ ìbí pamọ́ títí a ó fi bèèrè rẹ̀. Orúkọ nìkan tó láti fi wá fáìlì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan bá wà lára àwọn tí ń wò wá tí ó sì fẹ́ iṣẹ́ àṣekẹ́yìn, iṣẹ́ nìyí: ètò atòrúkọ tí ó mọ GB, tí ó mọ̀ pé Ẹniọlá méjèèjì jẹ́ orúkọ kan náà, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pa ẹnu mọ́.

Olóòtú, mo rí i pé ojúgbà mi tí ó wà lápá ọ̀tún ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Ifá. Mo fi àyè sílẹ̀ fún un.